Ọ̀rọ̀ Ìdarapọ̀ Nínú Èdè Òyìnbó: Ohun Tó Yẹ Kí Á Mọ̀ Kí Á Tó Fọwọ́ Síwèé

    

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló pa àáfà oníkéwú tó ń ta obì pọ̀ mọ́ gírámà Òyìnbó. Ìbéèrè náà tọ́. Ilé kéwú ni a ti kàwé, a kò wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Òyìnbó tí a gbọ́, inú ọjà ni a ti ń ṣà á jọ díẹ̀díẹ̀, títí a fi lọ jókòó ní kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún púpọ̀ jókòó ti nàháwù, ojú rẹ̀ a máa là sí oríkèé ọ̀rọ̀. Kò ní lè rí ọ̀rọ̀ kan kí ó má wo ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e. Èyí ni a fi ní kí á gbìyànjú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ọmọ wa tó kàwé jù wá lọ lè tún un ṣe níbi tí a bá ti ṣì í.

Ohun tó mú wa gbé gègé nìyí. Ní àkókò òjò kan, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ibùdókọ̀ kan tí kò jìnnà sí ibi tí a ń tajà. Wọ́n ṣe ara wọn léṣe. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi dé, àwọn tó jà ti sá lọ, àwọn tó dúró wòran ni wọ́n kó. Ọmọ ará wa kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún 19, tó ń ta káàdì fóònù àti ṣájà lórí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì gbọ́ Òyìnbó, ìdí nìyẹn tí kò fi wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́ nígbà tí wọ́n gbé bébà fún un pé kí ó kọ sítétímẹ́ǹtì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "I know them very well. I use to associate with them every day. We are always mixing together." Ó fọwọ́ sí i.

Ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn kò ju èyí lọ: mo mọ̀ wọ́n lójú, wọ́n máa ń ra káàdì lọ́wọ́ mi, a sì máa ń kí ara wa. Ohun tí bébà náà sọ ni pé: ọ̀kan náà ni wá, ẹgbẹ́ ni wá, kò sí ọjọ́ tí n kì í wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwa àti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́ wa dé àgọ́ ọlọ́pàá náà, ọ̀gá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà kò jágbe mọ́ wa. Ó kàn rọra ti bébà náà sí iwájú wa, ó ní, "Àláàjì, ọmọ yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́." A wo ìwé, a wo ara wa. Kí ni a fẹ́ sọ? Ọmọ náà sun ibẹ̀ mọ́jú fún òru mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Nínú èdè wa, "bá" ni ìyá gbogbo ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀. Mo bá a rìn, mo bá a gbé, mo bá a dòwò, mo bá a ṣeré. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé "bá" ló ń sọ bí àjọṣe náà ṣe jìn tó. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn ní "èmi àti wọn jọ máa ń ṣe", ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ àtọkànwá, ó sì lè jẹ́ ẹ-káàárọ̀-ẹ-kúùrọ̀lẹ́ lásán. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀ wá, ó mọ̀ wọ́n, yóò fi ojú gbé e. Hausa tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ là á jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀: "gauraya" ni pípo nǹkan pọ̀ mọ́ nǹkan, "cuɗanya" ni ti ènìyàn pẹ̀lú ènìyàn, "hulɗa" sì ni ti òwò àti àjọṣe. Òyìnbó wá là á sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí a bá pàdé níbi ìnáwó, òmíràn fún ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, òmíràn fún ẹni tí a jọ ń dá ọ̀ràn. Ìwé tí a kọ sílẹ̀ kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú rẹ̀.

"Mix" ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ nítorí òun ni ó rọrùn jù lẹ́nu wa. Òun ni bíríkìlà ń lò fún iyanrìn àti sìmẹ́ńtì, òun náà sì ni a ń lò fún ènìyàn. Lárúbáwá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò kan, "khalaṭa", ni ó ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Òun ni a bá nínú Súúrà Bàkárà, áyà 220, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dá lórí dída ohun ìní ọmọ òrukàn pọ̀ mọ́ tẹni, òun náà ni a sì bá nínú Súúrà Sọ́ọ̀dù, áyà 24, fún àwọn tó jọ da dúkìá pọ̀. Nítorí náà kò yẹ kí "mix" ṣòro fún ọmọ kéwú.

Ibi tí ó ti ń dojú rú ni ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka nàháwù, ẹ rántí "raghiba". Bí "fī" bá tẹ̀lé e, ó túmọ̀ sí pé ènìyàn ń fẹ́ nǹkan. Bí "ʿan" bá tẹ̀lé e, ó di pé ó kọ̀ ọ́, ó yíjú kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ló yí i padà. "Mix" rí bẹ́ẹ̀. "I mix with them" ni mo máa ń wà láàrin wọn. "I mixed them up" ni mo ṣi wọ́n mú, mo pe Táíwò ní Kẹ́hìndé. "I am mixed up in it" burú jù: mo lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà, a ti dà mí pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wa ni a máa ń sọ pé "I mix up with everybody" nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé a yá mọ́ ènìyàn. Kí á yọ "up" yẹn kúrò.

Gbólóhùn kan tún wà tí àwọn òbí wa fẹ́ràn: "My children don't mix." Tìgbéragatìgbéraga ni wọ́n máa ń sọ ọ́, pàápàá bí wọ́n bá lọ wá àyè ilé ìwé fún ọmọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn dára, pé ọmọ wọn kì í kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ ń gbọ́ ni pé ọmọ náà kò lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé, pé ó máa ń dá jókòó bí aláìsàn. Lọ́dọ̀ Òyìnbó, ìyìn ni kí wọ́n pe ènìyàn ní "a good mixer". Bí a bá fẹ́ sọ ti ẹgbẹ́ búburú, ẹ jẹ́ kí á sọ pé "They do not keep bad company." "Keep company with" yìí ni ó súnmọ́ "bá rìn" tiwa jù, irú èyí tí àgbà fi ń sọ pé àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

"Mingle" yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ọjà wa ṣàlàyé rẹ̀. Nínú apẹ̀rẹ̀ obì gbànja, pupa àti funfun máa ń wà papọ̀. Bí oníbàárà bá ní funfun nìkan ni òun ń fẹ́, a ó tú u sórí ẹní, a ó ṣà á sọ́tọ̀. Pupa kò sọ funfun di pupa. Bí ènìyàn ṣe ń "mingle" nìyẹn: ó wọ àárín èrò, ó kí èyí, ó bá tọ̀hún rẹ́rìn-ín, ó jáde, òun ṣì ni òun. Ibi yìgì, ibi ìsọmọlórúkọ, ibi ìpàdé ńlá ni a ti ń lò ó: "He mingled with the guests." Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láàrin ènìyàn púpọ̀. Ẹnìkan kò lè sọ pé òun "mingle" pẹ̀lú ìyàwó òun nínú ilé, àfi bí ìyàwó náà bá pọ̀ tó èrò ọjà.

Ọ̀rọ̀ tó mú ọmọ wa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá gan-an ni "associate", kí á fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, láti ara "socius", tí í ṣe ẹnìkejì ẹni, alábàáṣe. Nítorí náà ó ju ìkíni lọ, ó ju ká jọ wà ní àdúgbò lọ. Ẹni tí a bá "associate with", a ti yàn án, a sì ti gbà kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ pe tiwa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe búburú láti ilé rẹ̀ wá. Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ìsọ̀rí 40, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n lò láti fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ kí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwa náà sì ń jẹ nínú ẹ̀tọ́ náà nípa ẹgbẹ́ wa yìí. Àwọn lọ́yà máa ń kọ "and Associates" sára pátákó wọn. Oníṣòwò a máa pe ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò ní "my business associate". Ṣùgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan náà kúrò lórí pátákó lọ́yà, gbé e sórí bébà ọlọ́pàá, kí orúkọ ọmọ ìta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti di ẹ̀sùn. Ìwé ìròyìn ní ọ̀rọ̀ kan fún un, "a known associate", ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọ̀daràn. A kò rí i rí kí wọ́n pe ẹni rere bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni "dissociate". Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ, wọn yóò kọ sínú ìwé ìròyìn pé "We dissociate ourselves from..." Kí a kíyè sí i pé "from" ló ń tẹ̀lé e, "with" sì ni ti "associate".

Àṣìṣe kejì wà nínú gbólóhùn ọmọ náà tí ojú kì í tètè rí. "I use to." Gbogbo wa la ń sọ ọ́, ọmọ Ìbò ń sọ ọ́, Hausa ń sọ ọ́. A rò pé òun ni "máa ń" wa. Kì í ṣe òun. Òyìnbó ní "I used to", ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé mo máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, n kò ṣe é mọ́. Bí a bá fẹ́ sọ "máa ń" ti ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ti tó: "They buy from me." Wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ wo bí ó ṣe kúrú tó. Ìbá ṣe pé ohun tí ọmọ náà kọ nìyẹn, bóyá ilé ni ìbá sùn lọ́jọ́ náà.

Kí ni kí ènìyàn wá kọ fún ẹni tí ó mọ̀ lójú lásán? "I know him by sight": mo dá ojú rẹ̀ mọ̀, n kò mọ ilé rẹ̀. "We greet each other": a máa ń kí ara wa. "He is my customer": oníbàárà mi ni. "I do business with him": a jọ ń dòwò, èyí sì jìn ju ti oníbàárà lọ. "He is an acquaintance": ojúlùmọ̀ ni. "He is my friend": ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló jìn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra fún un, nítorí àwa a máa pe gbogbo ènìyàn ní ọ̀rẹ́, títí kan ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ tí a fẹ́ kí ó ra ọjà.

"Socialise" wá láti ara "socius" kan náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ìṣeré àti ìgbafẹ́ ni tirẹ̀: iṣẹ́ ti parí, a jókòó, a ń sọ̀rọ̀, a ń jẹ, a ń mu. "They socialise after work." Kò kan ti òwò. Ní ayé SDP àti NRC, láàrin 1989 sí 1993, bàbá kan wà ní àgbàlá wa tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò, ó sì dì í mú pé ẹni tó bá "socialise" ti wọ SDP nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kò jìnnà púpọ̀, nítorí ìdílé kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jáde. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ tún ń lò ó fún kíkọ́ ọmọ ní ìṣe àwùjọ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé ni ìyẹn ń gbé.

"Interact with" ni a fi lé àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́. Kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. "In my shop I interact with many people": ó sọ pé o ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, o sì ń gbọ́ tiwọn, kò sọ pé o jẹ́ tiwọn. Nípa ti "relate", "relate with people" ni a máa ń sọ ní Nàìjíríà, "relate to people" ni ó wà nínú ìwé àwọn ará Bìrìtéènì. "Hang out" jẹ́ ti àwọn ọmọdé, kí ó máa gbé lẹ́nu wọn. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ ni kí wọ́n má kọ ọ́ sórí bébà tí ìjọba yóò kà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀gún wà lára wọn. "Consort with" ń kọ́? Gẹ́gẹ́ bí orúkọ, ọlá ni, ọkọ tàbí aya ọba ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí a ń bá "consort" bí kò ṣe olè àti oníjàgídíjàgan. "Hobnob" ni kí ẹni kékeré máa bá ẹni ńlá jókòó. Ìdí àwo ọtí ni wọ́n ti bí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí àwọn ọ̀mùtí ń gbé ife sókè fún ara wọn, nítorí náà kí akọ̀wé mọ́ṣáláṣí má ṣe kọ pé ìmáàmù wa "hobnob" pẹ̀lú gómìnà.

"Fraternise" ni ó yẹ kí àwa tí a ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ dáadáa. Láti ara "frater" ti Látìn, tí í ṣe ọmọ ìyá, ni ó ti wá. Bí a bá gbọ́ èyí, a ó rò pé kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà wọ Jámánì ní 1944 àti 1945, wọ́n pàṣẹ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ bá àwọn ará Jámánì ṣe ọ̀rẹ́ tàbí bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, "fraternise" sì ni orúkọ ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ náà. Láti ìgbà náà, bí ẹni tó gbọ́ Òyìnbó bá gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ a máa lọ sí pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì, pé kò yẹ kí wọ́n súnmọ́ ara wọn. Ẹ wá wo ọ̀dọ́ wa kan tó dìde níbi ìpàdé àlàáfíà, tó ní "Our youths fraternise with the Hausa youths." Ó fẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè wá wa níjà yóò ní, ṣé ọ̀tá ni yín tẹ́lẹ̀ ni? "Our youths get on well with them" ti tó, kò sì sí ẹ̀gún kankan lára rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ gba ti ìpínrọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa, nítorí ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ṣùgbọ́n ó ti kó ìtìjú bá ènìyàn, àwa náà wà níbẹ̀. Nígbà kan tí ẹgbẹ́ fẹ́ kọ lẹ́tà ìkíni sí ààfin, àwa ni a kọ́kọ́ kọ ọ́, a sì kọ pé "We have been cohabiting peacefully with our hosts." A rò pé jíjọ gbé ni. Akọ̀wé wa, tó jẹ́ olùkọ́, kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Àáfà, ẹ jẹ́ kí á pa èyí rẹ́." Nígbà tí ó ṣàlàyé fún wa tán, ara wa bù máṣọ. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọn kò ṣe yìgì tí wọ́n ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya ni àwọn Òyìnbó sábà ń lo ọ̀rọ̀ náà fún. Òótọ́ ni pé àwọn ìwé ìròyìn wa ń kọ "peaceful cohabitation", ṣùgbọ́n "living together in peace" tàbí "coexisting" ni ó mọ́. Bákan náà ni "intercourse". Nínú ìwé àwọn àgbà, òwò àti ìbálò láàrin ìlú sí ìlú ni. Lónìí, ohun tí ó ń sọ kò ṣeé kà níwájú ọmọdé. Àti "affair": "my business affairs" kò ní àléébù, ṣùgbọ́n "I have an affair with her" lè tú ilé ká.

Ó ku méjì tí ìjọba àti àwọn olóṣèlú fẹ́ràn, "integrate" àti "assimilate", wọ́n sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. "Integrate" wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí odindi. Bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń wọ inú ògiri ni: ògiri di ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí o bá wò ó dáadáa, o ṣì lè ka búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. "Assimilate" wá láti ara "similis", tí í ṣe ìjọra. Ṣúgà inú ẹ̀kọ gbígbóná ni. Dídùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i ṣà jáde? Ní ìlú Kánò, a rí àpẹẹrẹ méjèèjì. Nínú ìlú àtijọ́, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Ayagi. Àwọn àtìpó Yorùbá ló dó síbẹ̀ láyé àtijọ́, ìran wọn sì ti di Hausa lédè àti láṣà. Wọ́n ti "assimilate". Sábọ̀n Gàrí ní tirẹ̀, àwọn Òyìnbó ló yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti ìlú mìíràn lẹ́yìn tí ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí 1911. Ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "segregate", òun sì ni òdìkejì "integrate". Nítorí náà bí òṣèlú kan bá dìde tó ní kí a "integrate", kí á mọ̀ pé kò ní kí á gbàgbé Yorùbá. Bí ó bá ní kí a "assimilate", ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń sọ, ó sì yẹ kí á bi í léèrè. Ní tiwa, búlọ́ọ̀kù ni a fẹ́ jẹ́. Ẹlòmíràn lè fẹ́ jẹ́ ṣúgà, kò sẹ́ni tó máa bá a jà.

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Ní ọjọ́ kẹrin, lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìlú wa tẹ̀lé wa lọ. Òun ló la ojú wa sí ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999, ìsọ̀rí 35, fún ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tí ó bá yàn sọ̀rọ̀. Òfin kan náà ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàrin wákàtí 24, ní èdè tí ó yé e. Òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2015, tún sọ nínú ìsọ̀rí 17 pé bí ẹni náà kò bá gbọ́ Òyìnbó, tàbí kò lè sọ ọ́ tàbí kọ ọ́, ògbufọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì kà á padà fún un títí yóò fi yé e, kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn, ẹ bi lọ́yà nípa ti ibi tí ẹ ń gbé. Òyìnbó díẹ̀ tí ọmọ wa gbọ́ ni kò jẹ́ kí ó béèrè ògbufọ̀.

Lọ́yà náà béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà kọ sítétímẹ́ǹtì mìíràn kún ti àkọ́kọ́. Wọ́n gbà. Ọmọ náà kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀, láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà títí dé àkókò tí wọ́n mú un, kí ó tó kọ ọ́ ní Òyìnbó: "They buy cards from me. I know them by sight. I do not know their houses. I did not fight." Gbólóhùn mẹ́rin. Ọ̀gá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e lé ti àkọ́kọ́, ó ní kí ló dé tí kò kọ èyí láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ náà ní òun rò pé Òyìnbó tó gùn ni wọ́n ń fẹ́. A gba béèlì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì dé kóòtù.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ mọ́dẹ́rásà wa nìyí. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Òyìnbó, kí wọ́n mú un wá ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Ásárì, kí ẹnikẹ́ni má lo "associate" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èkíní: Èmi àti Músá jọ ń gbé àdúgbò kan, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èkejì: Bàbá mi máa ń ra obì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹ̀kẹta: Mo ṣi àpò rẹ̀ mú, mo rò pé tèmi ni. Ẹ̀kẹrin: Níbi ìsọmọlórúkọ náà, ìyá mi kí gbogbo ènìyàn káàkiri. Ẹ̀karùn-ún: Ẹgbẹ́ wa kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ lórí rédíò. Ẹ̀kẹfà, tí àwọn àgbà náà lè gbìyànjú rẹ̀: Ó ti pé ogójì ọdún tí àwa àti àwọn onílé wa ti jọ ń gbé ní àlàáfíà. Ẹni tó bá kọ "cohabit" nínú rẹ̀ yóò ra obì fún gbogbo kíláàsì.